Ẹlẹ́wọ̀n wo ni ìjọba fẹ́ gbé wálé?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí mo gbọ́ pé Ààrẹ Tinubu rán mínísítà méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: Yusuf Tuggar tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, àti Lateef Fagbemi tó wà nídìí ètò ìdájọ́. Wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí Ike Ekweremadu, igbákejì ààrẹ ilé aṣòfin àgbà nígbà kan, wá parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nílé. Ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un ní 2023, torí pé wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà lójú títì l'Ékòó lọ sí ìlú Ọba láti yọ kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ Ekweremadu tó ń ṣàìsàn. Lọ́ńdọ̀nù kọ̀.

Mi ò bá ọkùnrin náà yọ̀. Abiyamọ ni mí, mo mọ ohun tí àìsàn ọmọ lè sọ òbí dà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tajà lójú títì yẹn náà, ẹnì kan ló bí i.

Àdéhùn wà láàárín àwa àti ìlú Ọba. Mohammed Adoke, mínísítà ètò ìdájọ́ wa nígbà náà, ló fọwọ́ sí i fún wa ní oṣù kìíní 2014, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ wọn lé ní 500. Nínú àdéhùn náà, wọn ò ní láti bi ẹlẹ́wọ̀n bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun wálé. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ti gbà, ó di dandan. Ẹ wá wò ó: tálákà tí kò fẹ́ padà wá sí Kirikírì, wọ́n lè fi túláàsì gbé e wá, àmọ́ tó bá kan ẹni ńlá, mínísítà méjì ló máa wọ bàálù lọ bẹ̀bẹ̀.

Àwọn òyìnbó ṣírò owó tiwọn dáadáa kí wọ́n tó ṣàdéhùn. Ẹlẹ́wọ̀n kan ń ná wọn ju £50,000 lọ lọ́dún. Ní 2018, Boris Johnson, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn nígbà náà, kéde pé àwọn yóò kọ́ ibùgbé oníbùsùn 112 sí Kirikírì, pẹ̀lú owó tó sún mọ́ £700,000. Owó tí ẹlẹ́wọ̀n mẹ́rìnlá máa ná wọn lọ́dún kan péré nìyẹn. Àwa ńkọ́? Oúnjẹ, oògùn àti owó oṣù wọ́dà, ọrùn wa ló ń bọ̀. Ta ló ti ṣírò ẹ̀ fún wa rí?

Mo mọ ilé tí wọ́n fẹ́ gbé wọn wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Èkó láti 2021, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní fáìlì kò tíì dé. Nígbà tó dé, wọ́n ní adájọ́ ti kúrò ní kóòtù yẹn. Oṣooṣù ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Wọ́dà á ki ṣíbí bọ ẹ̀wà mi, á rò ó dé ìsàlẹ̀, á fi ọ̀bẹ la ọṣẹ sí méjì wò. Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà na ọwọ́ sí mi, kúrúnà ti jẹ àárín ìka rẹ̀ di funfun. Kò bi mí léèrè ẹjọ́ mọ́. Oògùn kúrúnà ló ní kí n bá òun rà. Bẹ́ẹ̀, bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n wa ló jẹ́ irú rẹ̀, tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. ₦750 ni owó oúnjẹ wọn lójúmọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,125 ní 2024.

Ohun tí a gbọ́ pé ó ba Lọ́ńdọ̀nù lẹ́rù ni pé Nàìjíríà ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin náà máa parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bó bá dé ibí. Inú bí àwọn kan sí èyí. Èmi ò lè bínú. Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa, sá mọ́ ìlú Ọba lọ́wọ́ ní 2005 lẹ́yìn tí wọ́n gba béèlì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un nílé ní 2007, kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi jáde, Ààrẹ Jonathan sì forí jì í ní 2013. Dariye ti Plateau náà sá fún béèlì wọn. Buhari forí jì í ní 2022. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ìyà àìfọkàntánni yìí, orí ọmọ tálákà tó wà lẹ́wọ̀n lókè òkun, tó fẹ́ kú sítòsí ìyá rẹ̀, ló máa já sí.

Mi ò ní kí wọ́n ya àdéhùn náà. Kí wọ́n ṣí ìwé rẹ̀ fáyé rí ni mo wí: iye ẹni tó ti kọ̀wé pé òun fẹ́ wálé, ẹni tó kọ́kọ́ kọ, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ná wa. Kí ẹni tí kò lẹ́nìkan tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú sẹ́nẹ́tọ̀. Mínísítà ètò ìdájọ́ náà ni mo sì fẹ́ kó dáhùn nínú ìwé ìròyìn yín: yàtọ̀ sí Ekweremadu, ẹlẹ́wọ̀n mélòó ni ẹ ti wọkọ̀ lọ bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Agége, Èkó.