Kọ́kọ́ Wọn Ṣéènì Rẹ: Lẹ́tà sí Kọ́lá ní Saskatoon, Canada

Adìgbẹ̀,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kejì.

Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù o. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé ìwọ náà ti ra kẹ̀kẹ́ orí òkè àlòkù, ṣùgbọ́n n kò tíì fara mọ́ ohun tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́dọ̀ yín sọ fún ọ, pé kí o pààrọ̀ ṣéènì, gíà ẹ̀yìn, gíà iwájú àti gbogbo wáyà lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé gíà ń fò, ìyẹn ni pé ṣéènì ń yọ̀ lórí eyín gíà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, kí o tó kówó sílẹ̀, mo fẹ́ kí o fi rúlà kan wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ, nítorí ohun tí mo ti rí lára kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tèmi ni pé ìdọ̀tí àti wáyà ló sábà máa ń jẹ̀bi ẹ̀sùn tí a fi ń kan irin.

Ṣéènì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe ṣéènì kẹ̀kẹ́ irú tiwa yìí, ìdajì íǹṣì ló máa ń wà láàárín píìnì kan, ìyẹn irin kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí o bá gbé òdo orí rúlà lé àárín píìnì kan, tí o sì ka píìnì 24 síwájú láì ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, àárín èyí tí o kà gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí íǹṣì 12 géérégé bí ṣéènì náà bá ṣì jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti fi 1/16 íǹṣì kọjá ibẹ̀, ṣéènì ti tó pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí gíà ẹ̀yìn ṣì dára. Bí ó bá ti fi 1/8 íǹṣì kọjá, a jẹ́ pé eyín gíà náà ti jẹ, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sì jàre nìyẹn, nítorí pé bí o bá fi ṣéènì tuntun nìkan lé eyín tó ti jẹ, yóò máa yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ nígbà tí o bá tẹ pẹ́dà gan-an. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ṣéènì ti fà, ṣùgbọ́n irin náà kò fà rárá: ibi tí píìnì kọ̀ọ̀kan ti ń yí nínú ihò rẹ̀ ni yanrìn ti ń lọ̀ ọ́, àyè bíńtín tó ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan a sì para pọ̀ di púpọ̀ bó bá fi máa dé òpin rúlà. Tèmi ti kọjá 1/16 díẹ̀ nígbà tí mo rà á. Mo pààrọ̀ ṣéènì nìkan, mo fi gíà àtijọ́ sílẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Bí rúlà bá dá ṣéènì rẹ láre, fetí sí bí gíà náà ṣe ń fò. Bí ó bá jẹ́ pé orí gíà kan tàbí méjì péré ló ti ń ṣẹlẹ̀, tó sì jẹ́ ìgbà tí o bá ń gun òkè ni, àwọn gíà tí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn jù lọ nìyẹn, eyín wọn ló sì ti jẹ. Bí ó bá ń fò lórí gbogbo gíà, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí pẹ́dà bá ti yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún máa ń fò, ojú kan lára ṣéènì ló gan. Irú èyí gan-an ni Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Láfẹ́ńwá fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Mo ti mú sípánà dání dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tíṣà, fi irin ọwọ́ rẹ sílẹ̀ ná, jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀." Wọ́n da kẹ̀kẹ́ dojú dé, wọ́n ń fi ọwọ́ kan yí pẹ́dà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì kan ṣéènì bó ti ń kọjá, títí tí ojú kan tí kò ká bí àwọn yòókù fi ta wọ́n níka. Wọ́n kán kẹrosíìnì sí i, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì mì ín sọ́tùn-ún sósì títí ó fi rọ̀. Owó kékeré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí gíà bá ń lọ́ra kó tó bọ́ sórí èyí tí o yàn, tí ó sì ń kùn lórí gbogbo wọn, wáyà ni kí o fura sí. Wo apá kékeré tó rọ̀ sísàlẹ̀ gíà ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé ṣéènì láti orí gíà kan bọ́ sí òmíràn. Wàá rí kókó kan tí wáyà gbà wọlé níbẹ̀. Bí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gun gíà ńlá, yí kókó náà ní ìdajì sí òdìkejì ọ̀nà tí aago ń gbà yí, kí wáyà lè le sí i, kí o sì tún dán an wò kí o tó yí i mọ́. Wàá rí súkúrù kéékèèké méjì tí wọ́n kọ H àti L sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Jọ̀wọ́, fi àwọn yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí ṣéènì má ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ sípóòkù tàbí sí ẹ̀gbẹ́ férémù lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti fi ìwárapàpà yí wọn tí ọ̀rọ̀ fi di ti oníṣẹ́. Kí o tún bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn: bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣubú sí apá ọ̀tún rí, irin tó gbé apá kékeré yẹn dúró lè ti wọ́, kò sì sí bí o ṣe lè yí wáyà tó tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bíréèkì ni èmi kì í fi ṣeré, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìlú yìí ni a ti jọ dàgbà, o kò sì lè gbàgbé àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó yí Olúmọ ká. Ti kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ irú èyí tí apá gígùn méjì fi ń há rímù mọ́ àárín, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Shimano gbé jáde ní àárín àwọn ọdún 1990. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá rímù pàdé ní ojú rẹ̀ gan-an. Bí ó bá gòkè jù, yóò máa gé ẹ̀gbẹ́ táyà; bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ jù, yóò yọ̀ sábẹ́ rímù bọ́ sáàárín sípóòkù, ìyẹn sì lè sọ ènìyàn nù. Mo máa ń jẹ́ kí etí iwájú rọ́bà kọ́kọ́ kan rímù ṣáájú etí ẹ̀yìn, kí ó má baà máa han. Ní àsìkò ọyẹ́ yìí, yanrìn àti ẹ̀rún irin rímù máa ń rì sínú rọ́bà náà, bíréèkì a sì máa ha rímù dípò kí ó dì í mú. Mo máa ń tú rọ́bà náà, kí n fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀rún náà níkọ̀ọ̀kan, kí n sì fi sánpépà ha ojú rẹ̀ títí dídán yóò fi kúrò lójú rẹ̀.

Bí o bá máa ra awọ tuntun fún wáyà, má gbà kí ẹnikẹ́ni ta ti gíà fún ọ láti fi ṣe bíréèkì. Irin inú awọ bíréèkì wé mọ́ ara rẹ̀ yípo láti òkè dé ilẹ̀, kí ó lè gba agbára ọwọ́ tí a fi ń fà á. Ti gíà jẹ́ irin tín-ín-rín tó na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì lè bẹ́ nígbà tí o bá di bíréèkì mú lójijì. Wáyà inú bíréèkì pàápàá nípọn ju ti gíà lọ.

Mo kà á níbì kan pé àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California, láàárín àwọn ọdún 1970, kò ní kẹ̀kẹ́ tuntun kankan. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe ní bí ogójì ọdún ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ń tún ṣe. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì wọn wà, ó sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ fi ń jóná di èéfín, tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tú u kí wọ́n fi gírísì tuntun sí i lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ kan. Ọdún 1977 ni Joe Breeze, ọ̀kan lára wọn, tó ṣe férémù tuntun tí ó dìídì wà fún irú eré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá wá ń sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ àlòkù kò yẹ ọmọlúàbí, ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Ní ti ìmọ́tótó, má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń lé gírísì jáde kúrò nínú bẹ́rín. Garawa omi àti ọṣẹ ti tó. Kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ ṣéènì. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ pátápátá, mo máa ń kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí n sì nu gbogbo èyí tó kù lára rẹ̀ kúrò, torí òróró tó wà níta kò wúlò fún nǹkan kan ju kó máa kó eruku lọ. Òróró yìí fúyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ, mo sì máa ń tún un kán lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó sàn fún mi ju epo ẹ́ńjìnnì tó ki lọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́dọ̀ yín nígbà yìnyín ni kí ìwọ máa ṣọ́ra fún, nítorí ó máa ń mú kí irin dípẹtà kíákíá. Fọ̀ ọ́ kúrò lọ́jọ́ tí o bá gùn ún gan-an.

Bí o bá fẹ́ tú pẹ́dà, rántí pé ti apá òsì kò rí bí àwọn nọ́ọ̀tì yòókù: ibi tí a máa ń yí nǹkan sí kó lè le ni wàá yí i sí kó lè tú.

Ohun tí ó kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn lára tèmi ni bẹ́rín àárín, níbi tí apá pẹ́dà méjèèjì ti pàdé. Ó ti ń kùn, mo sì fẹ́ tú u kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń fa apá pẹ́dà yọ kúrò lórí ọ̀pá onígun mẹ́rin kò sí lọ́wọ́ mi, òòlù ni Bàbá sì ń lò, èyí tí ọkàn mi kò gbà. Bí àbúrò rẹ bá ń bọ̀ nílé nígbà Àjíǹde gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ, jọ̀wọ́ bá mi fi ọ̀kan rán an; kò ju àtàǹpàkò lọ, n ó sì fún màmá yín lówó rẹ̀ nílé. Kí o sì kọ̀wé sọ iye tí rúlà rẹ kà fún mi.

Èmi ni tìrẹ ní tòótọ́,
Ṣẹ́gun