Lẹ́tà Sí Ọmọ Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Rìsíìtì Yẹn

Oǹdó, alẹ́ Sátidé.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ lórí fóònù lálẹ́ Tọ́sìdeè, mi ò fẹ́ dá ẹ lóhùn lójú ẹsẹ̀ torí ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń pariwo pé "sọ fún un kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn jàre", mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti fóònù yìí láti ìrọ̀lẹ́, ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tó o bá débi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, o mọ̀ mí, máa kà á lọ.

O ní ọ̀gá rẹ ní kó o kọ ₦180,000 sórí rìsíìtì ohun tí ẹ rà ní ₦120,000. O ní gbogbo wọn ló ń ṣe é, pé wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un, "fi iyọ̀ sí i". Ohun tó wá dùn ẹ́ jù, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ, ni pé ẹni tó ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí i yẹn gan-an ló ń darí àdúrà ọ́fíìsì ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè. O wá bi mí pé, "Dádì, ṣé èmi nìkan ni mo wá ń ṣe onígbàgbọ́ ni?"

Ìtàn kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n. Ìwọ gan-an wà nínú ẹ̀, ọjọ́ orí rẹ ni ò jẹ́ kó o mọ̀.

Nígbà tí ìjọba tú Cocoa Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ká ní 1986, iṣẹ́ kòkó di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti rí owó díẹ̀ àti síkéèlì kan, ó ti di oníkòkó nìyẹn, á wọ oko lọ. Bọ́ọ̀dù ní wàhálà tiẹ̀ o, iye tí wọ́n bá dá lé e ni àgbẹ̀ máa gbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n tú u ká, ojú síkéèlì ni gbogbo ìjà kó sí. Èmi ń bá ọ̀gá kan ra kòkó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà nílùú ńbí. Síkéèlì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀ka igi là ń lò, tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń yí bíi ti aago. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá ló fi hàn mí: tó o bá yí i díẹ̀, abẹ́rẹ́ á sún sẹ́yìn òdo, kí àpò tó gbé e dé òdo pàápàá, kílò mẹ́ta ti lọ. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, ìwọ lo kàwé, bá mi ṣírò ẹ̀.

Màmá àgbà kan wà lójú ọ̀nà Àjùé tí kòkó tiẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi láti rà. Á bò ó dáadáa sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sá a títí tó o bá ki ọwọ́ bọ inú àpò ẹ̀, á máa dún ṣákáṣáká. Lọ́jọ́ kan mo gbé àpò ẹ̀ kọ́, màmá wo abẹ́rẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, kòkó yìí jù báyìí lọ o. Orí mi ló rù ú wá láti oko, orí mi mọ bó ṣe wúwo." Mo ní, "Màmá, síkéèlì kì í parọ́. Mo fi Jésù búra." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Tó o bá ti fi Jésù búra, ó parí nìyẹn." Ó gba owó ẹ̀, ó dì í sí kọ̀rọ̀ ìró. Èmi náà gun ọ̀kadà mi, mo lọ. Mo kọ orin ní kúáyà lọ́jọ́ Sunday yẹn o. Ténọ̀ ni mo ń kọ, ohùn mi sì dùn nígbà yẹn, wo mi báyìí kọ́.

1997 ni ọ̀rọ̀ náà tú. O ò tíì pé ọdún kan. Mo ti oko dé, mo gbé síkéèlì kọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, ìyá rẹ bá ń ṣeré, ó fi ọ̀já di ẹ́, ó so ẹ́ mọ́ ìkọ́, ó ní òun fẹ́ wo bí ọmọ òun ṣe ń tóbi sí. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti wọ̀n ẹ́ ní hóspítù, kílò 8. Abẹ́rẹ́ yí díẹ̀, ó dúró. Kílò 5.

Àjọkẹ́, ìyá rẹ ké. Ó já ẹ gbà kúrò lára ìkọ́, ó ń tú aṣọ lára ẹ, ó ń wo ojú ẹ, ó ń fọwọ́ kan ikùn ẹ, ó ní kí n lọ tan ọ̀kadà kíá, ọmọ òun ń gbẹ, kílò mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín ní tìẹ. Mo dúró síbẹ̀ bí ère. Ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan kí n tó lè la ẹnu. Mo ní, "Ọmọ ò ní nǹkan kan. Síkéèlì ni." Ó ní, "Kí ló ṣe síkéèlì?"

Láti ìgbà yẹn dòní, kò sí ìwàásù tó tíì gún mi tó ìbéèrè yẹn.

Mo lọ Àjùé lọ́jọ́ kejì. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Sákéù nínú Lúùkù 19, pé ẹni tó bá rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin, èmi ò ní ìlọ́po mẹ́rin, owó kílò mẹ́ta géérégé ni mo mú dání. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo rò pé màmá á sunkún, àbí á gbàdúrà fún mi. Ó ka owó náà, ó tún un kà, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ra kòkó lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí." Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Mo lọ wá èyí tó kù. Àwọn mìíràn wà tí mi ò rí mọ́ títí dòní, mo ṣì máa ń rántí ojú wọn.

Ọ̀gá lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sì ní parọ́ fún ẹ pé Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ńlá fún wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́jọ ni ilé fi le. Ìyá rẹ ta aṣọ òkè ìgbéyàwó ẹ̀, ó sì ń rán mi létí ẹ̀ di bí mo ṣe ń tẹ̀wé yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òótọ́ kì í ná èèyàn lówó, ẹni náà ò tíì rà á rí ni.

Nítorí náà ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ: rárá, kì í ṣe ìwọ nìkan, ṣùgbọ́n má rò pé ẹ pọ̀. Láti 1877 tí Charles Phillips, míṣọ́nnárì yẹn, ti wá fi Oǹdó ṣe ibùjókòó ni wọ́n ti ń ka Òwe 11 fún wa, pé òṣùwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa. A mọ ẹsẹ náà lórí, a sì ń yí nọ́ọ̀tì. Ohun tó ń ṣe wá ni pé a ti fi Ọlọ́run jẹ oyè Sunday, a rò pé tó bá di Mọ́ńdè Ó ń sinmi. Nígbà tí kòkó fò sókè ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, mo rí ohun tí ojú mi ò rí rí, àwọn èèyàn ń já èyí tí ò tíì pọ́n, wọ́n ń kó kòkó tútù sínú àpò, ẹlòmíì fi òkúta sí i, àwọn olè ń wọ oko olóko lóru. Púpọ̀ nínú wọn ló ní Bíbélì nílé. Owó ló lọ sókè, nọ́ọ̀tì kan náà ni.

Ẹni tó ń darí àdúrà Mọ́ńdè yẹn, má fojú tẹ́ ẹ. Èmi ni mo ń kọ ténọ̀ nígbà yẹn.

Ní ti ohun tó o máa ṣe, tún Dáníẹ́lì orí kìíní kà, má wulẹ̀ dé ibi kìnnìún, gbogbo wa ló mọ ti kìnnìún. Wọ́n kó ọmọkùnrin yẹn dé Bábílónì, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, a ò rí i kà pé ó bá wọn jà. Wọ́n ní kó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìwé àti èdè àwọn Kálídíà, ó kọ́ ọ, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Oúnjẹ ọba ló ní òun ò ní jẹ. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ọ́fíìsì lo máa bá jà, àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọ́n á máa jà lórí orin tí wọ́n ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó, wọ́n á wá fọwọ́ sí rìsíìtì ayédèrú. Wá wo bó ṣe sọ ọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ olórí àwọn ìwẹ̀fà, ẹ̀rù ọba ba ìyẹn, ó wá lọ bá ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ní ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá dán wa wò, ẹ̀wà àti omi péré. Ó mú ohun tí wọ́n lè gbà wá.

Ìwọ náà, lọ bá ọ̀gá rẹ ní òun nìkan, má ṣe é níwájú èèyàn. Sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè kọ iye tí a ò san, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa bá yín wá ọjà lọ fún oṣù kan, ẹ wo iye tí mo máa bá yín yọ." O mọ ọjà ná, ọwọ́ ìyá rẹ lo ti kọ́ ọ. Fi fóònù ya ojúlówó rìsíìtì pa mọ́. Má wàásù fún un. Mo sì bẹ̀ ẹ́, má lọ gbé ẹsẹ Bíbélì sórí status WhatsApp kó o fi máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, mo mọ̀ ẹ́. Tó bá gbà, ká dúpẹ́. Tí kò bá gbà, tó ní kó o máa lọ, wá sílé, yàrá rẹ wà, a ti jẹ gàrí oṣù mẹ́jọ rí, a ò kú.

Ó ku ọ̀kan, èyí ò sì ní dùn mọ́ ẹ. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, o rẹ́rìn-ín, o ní ẹ máa ń gba owó táksì ní ọ́fíìsì, ẹ ó wá wọ dánfó. Mi ò sọ nǹkan kan nígbà yẹn. Àjọkẹ́, síkéèlì nìyẹn. Ó kéré, mo mọ̀, kílò mẹ́ta náà kéré lára àpò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé náà, tí wọ́n bá pè ẹ́, tó o wà lórí ibùsùn, má sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọmọ tó ń bá ẹ fọ aṣọ, tó o ní o jẹ lówó ọ̀sẹ̀ méjì, san án lálẹ́ òní kó o tó sùn, Diutarónómì 24 ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ ẹni, mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè lọ vigil pẹ̀lú irú owó yẹn nínú àpamọ́wọ́.

Ṣé o rántí ìgbà tí a jọ ń ti Iléṣà bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, tí mo fi Ìkẹjì-Arákeji hàn ẹ́? Agbègbè ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti pe Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, ní October 1928. Kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí lórí òkè àdúrà. Títì ló ń bá wọn tẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń tẹ títì takú lójú ọ̀nà, ó ń tún un ṣe. Mo máa ń rò ó pé ọwọ́ ẹ̀ á ti dúdú fún ọ́ìlì.

Ẹ̀gúsí àti gàrí tí ìyá rẹ dì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó máa gbéra láti gáréèjì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ti sanwó ẹ̀, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ ní gàrí náà jẹ́ kọ́ńgò mẹ́wàá, òun ló wọ̀n ọ́n, kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án. Pè mí tó o bá ti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ tán.

Dádì rẹ.