Ímeèlì ni kó o kọ́kọ́ tì

Ìyábọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ọjà ń lọ. O kú iṣẹ́ o. O ní kí n sọ antivirus tó o lè rà kí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa rí iṣẹ́ rẹ gbé ṣe. Kò sí èyí tí màá ní kó o rà. Èyí tó bá Windows wá fúnra rẹ̀ tó iléeṣẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣáà ti pa á. Ẹni tó ń náwó sórí antivirus nígbà tí ímeèlì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

O tún kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ kéré ju ohun tí olè máa wò. Rárá o. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn ti ilẹ̀kùn wò káàkiri tọ̀sán-tòru, kò sì mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti mẹ̀kúnnù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, oníbàárà rẹ ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi yà lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́dún 2013, wọ́n kó nọ́ńbà káàdì nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 lọ́wọ́ Target, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Páásíwọ̀dù tí wọ́n jí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń bá Target ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantutù ni wọ́n fi wọlé.

Ímeèlì la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ yòókù wà. Facebook, ojúlé tó o ti ń tajà, iléeṣẹ́ tó o ti ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù rẹ: lọ tẹ “mo gbàgbé páásíwọ̀dù” lórí èyíkéyìí nínú wọn, kó o wo ibi tí wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì rẹ kò ní kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa já ibòmíì.

Páásíwọ̀dù rẹ̀ ná. Gígùn ló ń dáàbò bò ó ju àmì wérewère lọ. “P@ssw0rd1!” wà lára èyí tí ẹ̀rọ olè máa kọ́kọ́ dán wò, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé @ dúró fún a. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò tan mọ́ra wọn, tó o di ojú ṣí ìwé atúmọ̀ èdè mú, sàn jù ú lọ fíìfíì, ó sì rọrùn láti rántí. NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà irú nǹkan báyìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ yéé fipá mú èèyàn máa pààrọ̀ páásíwọ̀dù látìgbàdégbà, torí ẹni tí wọ́n bá fipá mú á kàn fi 1 kún ti tẹ́lẹ̀ ni, tó bá tún yá, á sọ ọ́ di 2. Ìgbà tó o bá fura pé ó ti jò ni kó o pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni lílo ẹyọ kan náà níbi gbogbo. Ojúlé kékeré kan tó o ti forúkọ sílẹ̀ rí á jò, olè á kó ímeèlì àti páásíwọ̀dù tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì máa gbé e kiri ojúlé yòókù títí ọ̀kan á fi ṣí. Jẹ́ kí áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ̀dù, bíi Bitwarden tàbí KeePassXC, máa ṣẹ̀dá wọn fún ọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tó lẹ́tà 20. Méjì péré ló máa kù tó o ní láti há sórí: ti áàpù yẹn àti ti ímeèlì. Lọ sí haveibeenpwned.com, èyí tí Troy Hunt dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, kó o tẹ ímeèlì iṣẹ́ rẹ síbẹ̀, á sọ àwọn ibi tó bá mọ̀ pé ó ti jò rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi àgádágodo kejì sí ímeèlì náà, kí páásíwọ̀dù nìkan má tó ẹnikẹ́ni wọlé. Kóòdù tó ń gba orí SMS wá sàn ju kéèyàn má ní nǹkan kan, àmọ́ olè lè lọ bá àwọn oníṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù, kó pera rẹ̀ ní ìwọ, kó ní síìmù òun sọnù, kí wọ́n sì gbé nọ́ńbà rẹ lé e lọ́wọ́. Áàpù authenticator kò ní ohun tó ń bá iléeṣẹ́ fóònù ṣe. Inú fóònù rẹ ló ti ń ṣírò nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30. Síbẹ̀, bí o bá fọwọ́ ara rẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sójú ewé ayédèrú, olè á ti tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé gidi kí àkókò rẹ̀ tó pé. Passkey, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ ń tọ́jú dípò páásíwọ̀dù, tàbí kọ́kọ́rọ́ USB kékeré tí wọ́n ń pè ní security key, ni kò ṣe é tàn báyìí. Orúkọ ojúlé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló mọ̀; bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, kò ní dáhùn. Bí o bá sáà fẹ́ náwó, orí kọ́kọ́rọ́ USB yìí ni kó o ná an sí, sì ra méjì, kí ọ̀kan wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ, kí èkejì wà nínú àpótí tó ní àgádágodo. Google tún máa fún ọ ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá, tí wàá fi wọlé bí fóònù tàbí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ẹni tó yà wọ́n ní fọ́tò sínú fóònù kan ṣoṣo, tó wá sọ fóònù náà nù, ara rẹ̀ ló tì mọ́ta.

Kó o tó kúrò nídìí ímeèlì náà, wo ibi mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé: nọ́ńbà àti ímeèlì tí wọ́n máa fi gbà á padà (ṣé tìrẹ ni ṣá?), àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti òfin tó ń darí lẹ́tà, ìyẹn filter àti forwarding. Olè tó mọṣẹ́ kì í pariwo. Á pàṣẹ síbẹ̀ pé kí ẹ̀dà lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ní “payment” tàbí “invoice” nínú máa wá bá òun, kí ojúlówó rẹ̀ sì wọ fódà tí ìwọ kì í ṣí. Á wá jókòó tì í, á máa kà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. O lè pààrọ̀ páásíwọ̀dù kí àṣẹ yẹn ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ owó ló ń dúró dè, ibẹ̀ sì ni mo rò pé iléeṣẹ́ kékeré ti ń gbọgbẹ́ jù. Ó ti mọ ẹni tó ń kó ọjà fún ọ, ó mọ iye tó o jẹ ẹ́, ó mọ bí ẹ ṣe ń kíra yín. Lọ́jọ́ tó yẹ kó o sanwó, lẹ́tà kan á yọ sáàárín ìjíròrò tí ẹ ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀: “Báńkì wa ń yẹ ìwé owó wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa san án sí àkáǹtì yìí.” Ohun gbogbo á bára mu, àfi nọ́ńbà àkáǹtì. Nígbà míì, orúkọ tó jọra ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ r àti n pọ̀ kó lè jọ m, tàbí kí wọ́n fi .co dípò .com. Antivirus ò ní rí nǹkan kan, torí kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Òfin kan ni mo fẹ́ kó o kọ kó o lẹ̀ mọ́ ògiri: a kì í san kọ́bọ̀ sí àkáǹtì tuntun, tàbí èyí tí wọ́n yí padà, àfi tí ẹnì kan nínú wa bá ti fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ pe oní-nǹkan. Nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà ò sí lára rẹ̀ o. Ìwọ gan-an ni kó o pè. Ẹni tó bá pè ọ́, kódà kí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó o mọ̀, má kà á sí, torí ẹ̀rọ ti ń ṣín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Yan iye kan tó jẹ́ pé bí owó bá ti kọjá rẹ̀, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kí òfin náà sì mú ìwọ ọ̀gá pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ kan bá dé lórúkọ rẹ pé “tètè bá mi sanwó yìí, mo wà nípàdé”, kí ọmọọṣẹ́ rẹ pè ọ́, kó sì mọ̀ dájú pé o ò ní bínú. Ọ̀gá tó máa ń jágbe mọ́ni tí wọ́n bá bi í léèrè ló ń bá gbájú-ẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Tí owó bá jẹ́ tìrẹ láti gbà, àwòrán rìsíìtì kì í ṣe owó, bẹ́ẹ̀ náà ni SMS, torí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ṣe é yí. Ṣí áàpù báńkì rẹ, kó o rí i nínú àkáǹtì kí ọjà tó jáde.

Bó o bá fẹ́ ka líǹkì, wá àmì / àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn https://, kó o máa kà padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Nínú https://facebook.com.example.net/login, example.net ló ni ilé; facebook tó wà níwájú jẹ́ aṣọ tí wọ́n kàn wọ̀ fún un. Àwòrán àgádágodo tó wà lókè browser ò sì sọ pé olóòótọ́ ló ni ojúlé o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíì ò lè yọjú wo ohun tí ìwọ àti olè ń bára yín sọ.

Orúkọ wẹ́ẹ̀bù tìrẹ náà ń fẹ́ ìtọ́jú, kí wọ́n má bàa fi kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà rẹ. Ní kí ẹni tó ń bójú tó o fi SPF (orúkọ àwọn tó lè fi orúkọ rẹ kọ lẹ́tà), DKIM (òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ojúlówó ni lẹ́tà) àti DMARC (àṣẹ ohun tí wọ́n máa fi ayédèrú ṣe) sí i. Kó fi DMARC sí p=none ná, ìyẹn kó máa wò lásán, kó máa ka ìròyìn tó ń wọlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó sún un sí quarantine (kí ayédèrú wọ fódà spam), lẹ́yìn náà reject (kí wọ́n má gbà á rárá). Ẹni tó bá sáré lọ sí reject láìtíì ka áàpù tó ń bá a fi ìwé owó ránṣẹ́ mọ́ SPF, lẹ́tà tirẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dà nù. SPF ò sì gbọdọ̀ wádìí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ nínú DNS, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ti WhatsApp ò gba àsìkò: Settings, Account, Two-step verification, fi PIN nọ́ńbà mẹ́fà sí i, kó o sì máa wo Linked devices lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kóòdù mẹ́fà tó bá dé láìjẹ́ pé o béèrè fún un, má sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ní ti kọ̀ǹpútà, software tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀, ìyẹn èyí tó yẹ kéèyàn rà àmọ́ tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ni kó o lé kúrò nílé. Púpọ̀ nínú wọn ló gbé kòkòrò tó ń jalè pamọ́, á kó páásíwọ̀dù tó wà nínú browser pẹ̀lú cookie tó ń sọ fún ojúlé pé o ti wọlé. Ẹni tó mú cookie yẹn lọ́wọ́ ò nílò páásíwọ̀dù, kò nílò kóòdù kejì. Jẹ́ kí update máa wọlé fúnra rẹ̀. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní 14 oṣù kẹta 2017 fún ihò tí WannaCry, kòkòrò tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, gbà wọlé ní 12 oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Nǹkan bí oṣù méjì ni àwọn tó fara gbá a fi ní àkókò. Windows 10 ò gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ tirẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ láti 14 oṣù kẹwàá 2025, nítorí náà wo èyí tó wà lórí tábìlì rẹ.

Fáìlì iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sì sí ní ọ́fíìsì. Yọ hard disk ìpamọ́ lára kọ̀ǹpútà tó o bá ti ń lò ó tán, torí kòkòrò tó ń ti fáìlì pa gba owó ìtúsílẹ̀ máa ń ti gbogbo ohun tó bá bá lára ẹ̀rọ pa. Fódà tó ń bá Google Drive tàbí Dropbox rìn ò tó: bí ti kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, òun náà á gba ẹ̀dà tó bàjẹ́. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, mú fáìlì kan padà láti inú ìpamọ́ kó o ṣí i. Àwọn kan ti ń ṣe ẹ̀dà tipẹ́ tí kò ṣí rí.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, báńkì ni kó o kọ́kọ́ pè bí owó bá ti jáde, ní wákàtí yẹn gan-an, torí owó tí kò tíì kúrò ní àkáǹtì àkọ́kọ́ ṣì ṣe é dá dúró. Yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ míì tó mọ́ ni kó o ti pààrọ̀ páásíwọ̀dù, ti ímeèlì ṣáájú, kó o lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ jáde, kó o tún wo òfin lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ nọ́ńbà báńkì sórí ìwé láti òní. Inú fóònù tí wọ́n jí kọ́ lo ti máa rí i.

Bó o bá ti ṣe ti ímeèlì tán, kọ̀wé sí mi nípa orúkọ ẹni tó wà lórí àkáǹtì tí wọ́n fi ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù yẹn, ìwọ ni àbí ọmọkùnrin tó bá ọ ṣe é. O ò mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ, ìyẹn ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
Adéwálé