Ẹ jẹ́ kí júrì padà sí kóòtù Èkó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé bí a bá gbé ẹjọ́ lé ará ìlú lọ́wọ́ bíi ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní júrì, owó ni yóò máa dá ẹjọ́ l'Ékòó, àti pé wọ́n á máa bẹ̀rù alágbára. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ pé n kò gbà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ló ń mú mi sọ̀rọ̀.

Níbi tí júrì bá wà, adájọ́ ò kúrò níjòókòó. Òun ló ń sọ ohun tí òfin wí àti ẹ̀rí tó ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n bóyá olùjẹ́jọ́ ṣe é tàbí kò ṣe é, ará ìlú méjìlá tí orúkọ wọn jáde ló ń dáhùn: télọ̀, tíṣà, ìyá aláṣọ, ẹni tó bá ṣáà bọ́ sí. Lọ́yà lè kọ ẹni tó bá mọ olùjẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti dá ẹjọ́ Ramos lọ́dún 2020, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá. Ghana tó wà nítòsí wa, èèyàn méje ni tiwọn. Ẹni tó bá rí ẹnì kan rà nínú méjìlá, ohun tó lè rí gbà ni kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹni tó bá rí adájọ́ kan ṣoṣo rà, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ní ti pé wọ́n á bẹ̀rù alágbára, ẹ wo Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1670. Àwọn adájọ́ ní kí júrì dá William Penn àti William Mead lẹ́bi nítorí ìwàásù ojú títì. Júrì kọ̀. Wọ́n ti júrì mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, júrì ṣì kọ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n kó wọn sẹ́wọ̀n, títí Edward Bushell, ọ̀kan nínú wọn, fi gba kóòtù mìíràn lọ tó sì jàre.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni ìsúnsíwájú ẹjọ́. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, n óò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ á gbé bírò, á máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́. Kó tó gbórí sókè, ẹlẹ́rìí ti gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ó tún di oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá wá gbé adájọ́ lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ní oṣù karùn-ún 2020 pé adájọ́ tó ti gbéga kò lè padà wá parí rẹ̀. Mo tú ọ̀rọ̀ ìyá kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Mo tún tú ọ̀rọ̀ kan náà níwájú adájọ́ mìíràn, ẹkún náà ò dín kù.

Ta ló máa sọ fún ìyá aláṣọ ní Balógun tó wà nínú júrì pé kó máa lọ, kó padà wá lóṣù mẹ́ta? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ níwájú júrì títí yóò fi parí. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri àti Ìkòyí tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn pọ̀ jù.

Ó ní ohun tí a máa pàdánù. Júrì kì í ṣàlàyé ìdí tó fi dá ẹjọ́ bó ṣe dá a. Adájọ́ tiwa gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí lọ́yà bá sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìyẹn dùn mí, nítorí orí ìdí yẹn ni ẹni tó bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ń dúró lé.

Síbẹ̀, júrì kì í ṣe àlejò l'Ékòó. Wọ́n jókòó níbí nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ àwọn aṣòfin wa ní Alausa, kí wọ́n fi ẹjọ́ ìpànìyàn nìkan bẹ̀rẹ̀, ní Ìkẹjà àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí wọ́n san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún ẹni tó bá jókòó, kí òfin sì dè é mọ́lẹ̀ pé ọ̀gá kankan ò gbọ́dọ̀ lé e níṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ògbufọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Èkó