Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí yíyan kọ́lẹ́ẹ̀jì

Gwarinpa,
Àbújá.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Èmi àti bàbá rẹ jọ jókòó ti orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà ní Amẹ́ríkà tí o fi ránṣẹ́ láti Kàdúná. Inú mi dùn pé o kò fi sàíkọ́lọ́jì sílẹ̀ nítorí ìlúwẹ̀ẹ́, o kò sì fi ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwé. Bí o ṣe tò wọ́n ni n kò fara mọ́, nítorí pé bí àwọn òmùwẹ̀ ibẹ̀ ṣe yára tó nìkan ni o wò.

Wákàtí ni kí o kọ́kọ́ wò. Ní Ìpele Kìíní ti NCAA, àjọ tí ń darí eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ní ìpele mẹ́ta, òfin ní kí ìgbáradì má ṣe kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ìdíje, ṣùgbọ́n wọn kì í ka àkókò ìrìn-àjò mọ́ ọn. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí sàíkọ́lọ́jì sì lè bọ́ sí ọ̀sán gan-an tí kóòṣì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kọ̀wé sí kóòṣì kọ̀ọ̀kan, kí o béèrè iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì, àti èwo ni ó máa ń yẹ̀ fún èkejì nígbà tí méjèèjì bá kọlu ara wọn. Lẹ́yìn náà, wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan nínú wọn, kí o bi í ní ìbéèrè kan náà níbi tí kóòṣì kò sí.

Mo rántí ìdájí tí a máa ń gbé ọ lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Pápá Ìṣeré Moshood Abiola. O máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn, irun rẹ ṣì ń kán, àmì awò omi yí ojú rẹ ká bí ilà, o sì fi aṣọ ìnura tẹ́ abẹ́ ìwé bàọ́lọ́jì rẹ kí omi má baà bà á jẹ́. Ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí o máa ṣe méjèèjì báyẹn ni mo ń wá fún ọ.

Má fojú tín-ín-rín wo Ìpele Kẹta. Ibẹ̀ ni Kenyon College ní Ohio wà, àwọn ọkùnrin rẹ̀ sì gba ife-ẹ̀yẹ ìlúwẹ̀ẹ́ ní ọdún 31 léraléra, láti 1980 títí di 2010. Yunifásítì Emory ní Atlanta náà wà níbẹ̀. Wọn kì í fún ọmọ ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí eré ìdárayá ní ìpele yìí, bí ó ti wù kí ó yára tó. Èsì ìwé tàbí àìlówó òbí ni wọ́n ń wò, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ìgbáradì jẹ àkókò ìdánwò rẹ. Adágún 25 yáàdì ni wọ́n fi ń díje níbẹ̀, kì í ṣe 50 mítà. Jẹ́ kí kóòṣì rẹ bá ọ ṣírò àkókò rẹ sí ti yáàdì kí o tó fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìdíje lè parí, ṣùgbọ́n digírì àkọ́kọ́ nìkan kò lè sọ ọ́ di onísàíkọ́lọ́jì tí ń tọ́jú aláìsàn. Ìdí nìyí tí n ó fi gbé ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti máa ń fa ọmọ sínú ìwádìí rẹ̀ láti ọdún kejì ṣíwájú èyí tí adágún rẹ̀ dára jù.

Jọ̀wọ́, fi Yunifásítì Jos kún un. Wọ́n ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì, ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà nínú NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Bí wọn kò bá fún ọ ní físà, n kò fẹ́ kí o fi ọdún kan jókòó sílé.

Tún orúkọ náà tò fúnra rẹ kí o tó wálé fún ìsinmi. N kò ní fọwọ́ kan án títí ìwọ yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Èmi ni,
Màmá rẹ.