Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń múra sílẹ̀ fún GRE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́

Àbúrò mi àtàtà,

O ní o ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí, síbẹ̀ àwọn ìbéèrè alálàfo ṣì ń dà ọ́ láàmú. Ó dùn mí, nítorí mo mọ bí o ṣe ń tiraka tó. Máa kọ́ wọn sórí lọ. Àmọ́ kí o tó bojú wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sísàlẹ̀, kọ́kọ́ wá ibi tí gbólóhùn náà ti yí padà.

O mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń yí i: although, but, despite, whereas, unlike, yet. Wo èyí:

Although the speaker was usually verbose, her answers that evening were ______.

Ká ní laconic wà lára àwọn ìdáhùn, tí o ò sì tiẹ̀ gbọ́ ọ rí. Although ti jẹ́ kó o mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn yàtọ̀ sí ìṣe obìnrin náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fọwọ́ bo àwọn ìdáhùn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: ṣókí. Ìgbà yẹn ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò wọ́n. Lengthy ò lè wọlé. Eloquent ló máa fẹ́ tàn ọ́, torí ó bá ọ̀rọ̀ sísọ mu; àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lè sọ ọ́ kó dùn létí, kò ta ko verbose rárá. Máa yọ wọ́n báyẹn títí tó fi máa ku laconic, bó o mọ̀ ọ́n, bó ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tó le nìyí, jọ̀ọ́, farabalẹ̀ kà á:

Despite his reputation for generosity, he was not ______ with his praise.

Bí o bá sáré, wàá rí despite, wàá rí generosity, wàá sì mú stingy. Not ti wà níwájú àlàfo yẹn! Ó ti bá ọ yí i padà. Tí ìwọ náà bá tún yí i, ọkùnrin yẹn á di ẹni tí kì í ṣahun ìyìn, despite ò sì ní rí iṣẹ́ kankan ṣe mọ́. Lavish ni àlàfo náà ń fẹ́, èyí tó bá generosity rìn. Máa wá not, never, hardly àti rarely lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo kí o tó pinnu.

Ìyàtọ̀ náà sì lè má jìn. Nínú "The acting was competent but hardly ______", brilliant ló ń wá. Competent àti brilliant kì í ṣe òdì ara wọn. Ọ̀kan kàn ga ju èkejì lọ ni.

Nígbà mìíràn, o ò ní rí but kankan. Once àti now, seemingly àti actually, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mo fẹ́ràn àwọn yìí gan-an, torí pé ojú ẹni tó bá ń kánjú kì í tó wọn.

Ní ti alálàfo méjì tàbí mẹ́ta, ibi tó bá ti hàn sí ọ jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ìkẹta. Bí o bá gba méjì tí o ṣi ẹyọ kan, kò sí máàkì kankan níbẹ̀.

Fi àwọn tó o ṣì nínú ìdánrawò tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó yí gbólóhùn padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Má wulẹ̀ kọ ìdáhùn sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ