Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ ti Jock Stein

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Kò sẹ́ni tí ò mọ Alex Ferguson nínú yín, àmọ́ ọ̀gá tó ṣe igbákejì fún nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Scotland ńkọ́? Jock Stein ni. Tiẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń bara jẹ́, pé tí kóòṣì ò bá ti fi yín sínú ẹgbẹ́ àgbà, ó ti parí nìyẹn.

Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní Burnbank, ìtòsí Glasgow. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wa èédú, tó bá di Sátidé á lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Albion Rovers. Ó ti pé ọmọ ọdún 27 kó tó di pé bọ́ọ̀lù nìkan ló fi ń jẹun, Llanelli ní Wales ló sì gbà á, ẹgbẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò pariwo orúkọ ẹ̀.

Ìparí 1951 ni Celtic, ẹgbẹ́ ńlá kan ní Glasgow, rà á ní £1,200. Kì í ṣe fún ẹgbẹ́ àgbà o, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n ní kó wá máa tọ́ sọ́nà. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà táwọn àgbà fara pa tí àyè ṣí, òun ló wà nílẹ̀, bó ṣe wọlé nìyẹn tí ò jáde mọ́, wọ́n fi ṣe kápítéènì, nígbà tó di 1954 wọ́n gba líìgì, wọ́n tún gba ife Scotland mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ ló dá a dúró. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó ń tiro títí ọjọ́ ikú ẹ̀, ló bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1957. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa: Celtic ní kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kápítéènì àná wá ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́nì kan ò mọ̀! Ọ̀kan nínú wọn ni Billy McNeill. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1967, ní Lisbon, nínú àṣekágbá ife Europe (tí wọ́n ń pè ní Champions League báyìí), Stein ni kóòṣì Celtic, McNeill ni kápítéènì, Inter Milan ló kọ́kọ́ gbá pẹ́nárítì wọlé tí wọ́n wá kóra jọ sẹ́yìn, síbẹ̀ Celtic ò yéé gbógun tì wọ́n, Gemmell gbá tiẹ̀ wọlé, Chalmers fi ìkejì lé e. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí ẹgbẹ́ kankan láti Britain tó gba ife náà rí. Inú 30 máìlì sí pápá Celtic ni wọ́n ti bí gbogbo àwọn ọmọ yẹn! Líìgì Scotland wá di tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léra wọn, láti 1966 dé 1974.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má wá ẹgbẹ́ ńlá o. Àmọ́ tí kóòṣì yín bá ní kẹ́ ẹ wá bá òun mójú tó àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ́ra, ẹ lọ.